Pọ̀nmọ́ Tí Wọ́n Fi Sípù Sí: Kí Ló Dé Tí Jákẹ́ẹ̀tì Awọ Fi Ń Ṣòro Láti Bá Ara Mu?

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n wọ bàálù lọ sí Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún másítà mi nígbà tí bàbá mi kan ilẹ̀kùn yàrá mi, wọ́n sì gbé jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú wọn wọlé. Gbogbo wa nílé la mọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Òun ni wọ́n máa ń wọ̀ láyé ìgbà tí wọ́n ń gun máṣíìnì lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́yìn odi Ìbàdàn, ní àárọ̀ kùtù tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ wọ èèyàn lọ́rùn. Nígbà tá a wà ní kékeré, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti fọwọ́ fa ẹgba. Wọ́n ní, "Òtútù ọ̀hún kì í ṣe ti eré o. Gbé èyí dání." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo gbé e wọ̀ níwájú dígí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dà bí ọmọ tó jí ẹ̀wù bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ sóde. Èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà ṣubú kọjá èjìká tèmi ní bí íǹṣì kan lọ́tùn-ún lósì. Apá rẹ̀ gùn dé orí ìka mi. Ní ìdodo, ó fẹ̀ bí agbádá. Bàbá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Kò burú. Télọ̀ máa tún un ṣe."

Télọ̀ ò rí i tún ṣe. Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí èmi àti jákẹ́ẹ̀tì yìí ti jọ ń fa ọ̀rọ̀, mo sì ti ba ibì kan jẹ́ lára rẹ̀ tí kò ní ṣeé tún ṣe láéláé. Nígbà tó sì jẹ́ pé bayokẹ́mísìrì ni mò ń kà, mo jókòó, mo bi ara mi léèrè: kí ló wà nínú awọ gan-an tó fi ń ṣe agídí báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Bọ̀ọ̀dá télọ̀ àdúgbò wa mọ iṣẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn ló rán gbogbo bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi jáde láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n mú jákẹ́ẹ̀tì náà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo gbé e wọ̀, ó rí rèǹtè-rente lára mi. Ìgbà tí mo wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀ ni sípù kọ̀ tí kò pàdé mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyẹn ò le, mo máa tú u." Wọ́n tú u lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ańkárá ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀: ẹ fọ aṣọ, ẹ lọ̀ ọ́, ihò abẹ́rẹ́ á ti dí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tú òwú kúrò lára awọ, ìlà ihò wínníwínní ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Mo na ọwọ́ sókè láti wò ó bóyá ó ti fẹ̀ tó. Mo gbọ́ "fàá!" Ó ya lẹ́bàá àpò, ó gùn tó íǹṣì méjì. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá télọ̀ wo ara wa. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi. Èmi náà ò sọ fún bàbá mi.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé a mú awọ bí aṣọ. Aṣọ híhun, ì báà jẹ́ ańkárá tàbí aṣọ òkè, òwú ni: òwú kan lọ lóròó, èkejì gba ìbú kọjá, wọ́n ń bọ́ sókè, wọ́n ń bọ́ sísàlẹ̀ ara wọn. Abẹ́rẹ́ tó bá dé, àárín òwú ló ń wá gbà. Á ti òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó bá sì jáde, òwú á rọra sún padà sáyè rẹ̀. Awọ ò ní òwú. Nígbà tí mo dé ibí, mo gé ẹyọ kékeré kan nínú etí jákẹ́ẹ̀tì náà, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ sínú tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i, mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù ní láàbù. Ohun tí mo rí dà bíi kànìnkànìn: ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán tó wé mọ́ra wọn lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èèyàn ò lè mọ ibi tí ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí àárín kankan tí abẹ́rẹ́ lè gbà láìpa nǹkan lára. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún awọ pàápàá, ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ kékeré ni. Gígé ló ń gé fọ́nrán wọ̀nyẹn. Fọ́nrán tó bá sì ti gé, ó gé náà nìyẹn. Ẹran tó ni awọ ti kú tipẹ́, kò sí sẹ́ẹ̀lì alààyè tó máa wá wo egbò náà sàn.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń rán awọ kì í fi í fi píìnì di í mú. Kílíìpù kéékèèké, bí èyí tí wọ́n fi ń há bébà, ni wọ́n ń lò. Wọn kì í sì í rán an kó ṣù mọ́ra jù. Aṣọ lè gba bí ìrán 12 nínú íǹṣì kan. Awọ, 7 tàbí 8 ti tó o. Tí ihò bá sún mọ́ra jù, á dà bí tísù tí wọ́n ti lu ihò sí lójú ìlà kó lè rọrùn láti fà ya. Ohun tí a ṣe fún jákẹ́ẹ̀tì bàbá mi gan-an nìyẹn.

Mo gbé e wá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ibi tó ya. Nígbà tí òtútù dé, ẹnì kan tá a jọ ń gbé ní ilé kan náà bá mi wo jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ní, "Rì í sínú omi gbígbóná, á súnkì, á bá ẹ mu." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí kò ṣe é rí.

Ẹ dúró ná. Kẹ́ ẹ tó da omi gbígbóná sórí awọ, ẹ rántí pọ̀nmọ́.

Awọ màlúù ni pọ̀nmọ́. Awọ màlúù, ti ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn ni jákẹ́ẹ̀tì. Tí a bá yọ omi kúrò, ohun tó pọ̀ jù nínú awọ ni purotéènì kan tó ń jẹ́ kọ́lájìn. Ó wà lára tiyín náà, nínú awọ, nínú eegun, nínú iṣan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo purotéènì tó wà nínú ara yín ni. Ní 1954, ní ìlú Madras nílẹ̀ Íńdíà, G. N. Ramachandran àti Gopinath Kartha gbé àwòrán bí kọ́lájìn ṣe rí jáde: okùn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá lọ́ okùn kó lè lágbára. Ìdè kéékèèké ló di okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, ooru sì ni ọ̀tá ìdè yẹn. Nínú awọ tútù tí wọn ò tíì fi oògùn kankan sí, tí omi bá ti gbóná dé bíi 60 sí 65 digírì Celsius, ìdè á já, okùn mẹ́ta á tú, fọ́nrán á sì súnkì lójijì bíi rọ́bà tí wọ́n nà tí wọ́n wá jù sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i rí: ẹran ewúrẹ́ tó ní awọ lára, bó bá ti ń gbóná nínú ìkòkò, ṣe ni awọ á ká kò, á fa ẹran mọ́ra. Ẹ bá sè é lọ síwájú, okùn tó ti tú á di jẹ́látìn, á rọ̀, á máa yọ̀ lẹ́nu. Pọ̀nmọ́ dé nìyẹn.

(Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn wa nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2022, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà fún ìmọ̀ awọ ní Zaria ní kí ìjọba fi òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́, torí pé awọ tó yẹ kó di bàtà àti báàgì là ń fi sínú ọbẹ̀. Mo gbọ́ wọn. Àmọ́ ẹ ò lè gba pọ̀nmọ́ kúrò nínú ẹ̀fọ́ ìyá mi, ẹ má dán an wò.)

Tí awọ bá jẹ́ ohun tí ooru ń tú, tí omi ń rà, báwo ló ṣe di ohun tí èèyàn ń wọ̀? Ẹ wo awọ ìlù ná. Àwọn tó ń ṣe dùndún máa ń na awọ ewúrẹ́ nígbà tó ṣì rin, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ lójú ìlù. Bí omi ti ń jáde, fọ́nrán ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, awọ á le gán-ín, ohùn á jáde. Ojú ọjọ́ ló sì ń darí rẹ̀: bí òjò bá rọ̀, ìlù á dẹ̀, onílù á ní láti wá ibi tó gbóná fi í sí. Ẹ fojú inú wo jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbọ́dọ̀ yá sí iná kẹ́ ẹ tó lè wọ̀ ọ́.

Kí awọ tó lè di jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní láti fi nǹkan há àárín okùn kọ́lájìn kí ìdè rẹ̀ má bàa já, kí wọ́n sì fi òróró sáàárín fọ́nrán kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Àwọn ará Kano ti ń ṣe é látayébáyé nínú kòtò aláwọ wọn ní Majema. Èso igi kan tí wọ́n ń pè ní bagaruwa ni wọ́n ń lò, nítorí táníìnì inú rẹ̀ máa ń di kọ́lájìn mú. Awọ ewúrẹ́ pupa láti Sokoto àti Kano ló ń gun ràkúnmí kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí ẹ̀bá òkun ní àríwá, tí àwọn òyìnbó tó ń di ìwé fi ń pè é ní awọ Morocco, bíi pé ibẹ̀ ni ewúrẹ́ náà ti jẹko. Nígbà tó di 1884 ní Amẹ́ríkà, Augustus Schultz gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà mìíràn tó ń lo iyọ̀ króómù. Ọ̀nà króómù ló gba ayé kan. Awọ tí wọ́n fi táníìnì ṣe lè fara da omi tó gbóná dé bíi 75 sí 85 digírì kó tó súnkì. Èyí tí wọ́n fi króómù ṣe dáadáa lè wà nínú omi tó ń hó láìsúnkì. Àwọn tó ń ṣe awọ tiẹ̀ máa ń fi èyí dán an wò: wọ́n á gé ẹyọ kékeré, wọ́n á sè é fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n.

Mo ṣe é. Nínú kíṣìnnì wa. Ẹyọ tó kù nínú èyí tí mo gé níjọ́sí, sẹ̀ǹtímítà méjì ni lójú rúlà. Mo jù ú sínú omi tó ń hó pẹ̀lú ẹyọ awọ ewúrẹ́ kan tí mo bó lára ẹran tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta mo yọ méjèèjì. Ti ewúrẹ́ ti ká bí etí ológbò. Ti jákẹ́ẹ̀tì, sẹ̀ǹtímítà méjì náà ṣì ni. Mo ti fẹ́ máa yọ̀ kó tó di ọjọ́ kejì tó gbẹ: ó le bíi páálí. Omi gbígbóná ti bá òróró inú rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ká ní mo gbọ́ ti ẹni tá a jọ ń gbé, jákẹ́ẹ̀tì náà ò ní kéré sí i lára mi. Á kàn máa dún kẹ́kẹ́ tí mo bá ń rìn.

Ó dáa, ooru ò ràn án. Ẹni tí tiẹ̀ há ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń ta jákẹ́ẹ̀tì ló ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu: "Máa wọ̀ ọ́ lọ, á nà sí ẹ lára." Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì kejì ló sì ń kó bá èèyàn.

Ní 1861, oníṣègùn kan ní Vienna tó ń jẹ́ Karl Langer mú irin ẹlẹ́nu roboto, ó gún awọ òkú èèyàn káàkiri. Ihò tó yẹ kó rí roboto di gígùn bí ojú tí wọ́n dijú sí. Ó wá fi ìlà so àwọn ihò náà pọ̀, ó rí i pé wọ́n ya ọ̀nà káàkiri ara, bí ìgbà tí odò bá ń ṣàn: bó ṣe rí láyà kọ́ ló rí lápá. Ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé awọ ní ibi tó kọjú sí. Bí ó bá rọrùn láti nà níbùú, ó lè má rọrùn lóròó. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń wo ìlà wọ̀nyí kí wọ́n tó gé ara, torí ojú egbò tó bá bá ìlà lọ máa ń san dáadáa.

Màlúù àti àgùntàn náà ní tiwọn. Awọ ẹ̀yìn wọn ki, ó sì le. Ti ikùn àti ti abíyá dẹ̀, ó ń nà bí ó ṣe wù ú. Tẹ́ ẹ bá fa awọ lọ bí eegun ẹ̀yìn ṣe lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ nà. Tẹ́ ẹ bá fà á níbùú, ó máa ń gbà díẹ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ máa ń gé iwájú àti ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì kí eegun ẹ̀yìn ẹran lọ lóròó, láti ọrùn sísàlẹ̀, kó má bàa fà gùn bí aṣọ tó rin. Nítorí náà, ó lè gbà díẹ̀ fún yín láyà àti ní ìdodo. Ní gígùn, rárá. Léjìká, ẹ gbàgbé ẹ̀, torí wọ́n máa ń fi téèpù aṣọ tí kì í nà sábẹ́ ìrán èjìká kó má bàa dẹ̀. Àgùntàn kan ò sì tó jákẹ́ẹ̀tì kan. Ó lè gba awọ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Apá ọ̀tún yín lè jẹ́ ẹ̀yìn àgùntàn kan, kí apá òsì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òmíràn. Tí ẹni tó gé e bá ń wá bí kò ṣe ní fi awọ ṣòfò, apá kan á nà ju èkejì lọ lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀yin á sì máa rò pé ara yín ló wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ rèé: ibi tí apá ti wọ èjìká. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú báyìí bí ẹni fẹ́ gbá ìrókò mọ́ra. Ẹ kíyè sí ẹ̀yìn yín. Awọ ara yín nà láti èjìká kan dé èkejì, ó sì padà nígbà tẹ́ ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Aṣọ náà lè gbà díẹ̀, torí òwú tó lọ lóròó àti èyí tó lọ níbùú lè yẹ̀ fún ara wọn. Awọ jákẹ́ẹ̀tì ò ní bó ṣe fẹ́ yẹ̀. Tí ihò apá bá sún mọ́ abíyá yín dáadáa, apá lè gbéra láìgbé ara jákẹ́ẹ̀tì dání. Tí ihò apá bá fẹ̀ tó sì lọ sísàlẹ̀, gbogbo jákẹ́ẹ̀tì ló ń bá ọwọ́ lọ sókè bí ìyẹ́ àdán. Ohun tó ń yà èèyàn lẹ́nu nìyí: ihò apá tó kéré ló ń jẹ́ kí ọwọ́ rí àyè. Àwọn tí ara wọn há nínú jákẹ́ẹ̀tì máa ń lọ ra èyí tó tóbi sí i, ihò apá rẹ̀ á tún lọ sísàlẹ̀ sí i, ọwọ́ ò sì ní lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀.

Télọ̀ tó ń rán kóòtù olówùú ní ọgbọ́n kan tó fi ń bọ́ nínú wàhálà yìí. Á gé orí apá kó gùn díẹ̀ ju ihò tó fẹ́ wọ̀ lọ, á rọra ko ó jọ, á fi áyọ́ọ̀nù olóoru yá a títí á fi súnkì rọbọtọ bí èjìká. Awọ tó ti gba króómù kì í súnkì fún áyọ́ọ̀nù, ẹ ti rí i nínú ìkòkò mi. Orí apá àti ihò apá gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti orí tábìlì tí wọ́n ti gé e. Wọ́n á rán an, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi hámà lù ú kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá ti ṣe wà ló máa wà.

Mo mọ èyí lẹ́nu bàbá òyìnbó kan tó ń tún báàgì àti jákẹ́ẹ̀tì awọ ṣe ní ìlú tí mo wà. Ṣọ́ọ̀bù méjì ti lé mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá náà tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, wọ́n fi àtàǹpàkò pa ìlà ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n bá mi dín èjìká kù. Wọ́n gbé lẹ́ẹ̀dì, wọ́n ya èjìká kan sórí bébà, wọ́n gé íǹṣì kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n wò ó. Ihò apá ti fẹ̀ sí i. Apá tí wọ́n tú ò ní tó ihò náà mọ́, kò sì sí awọ tí wọ́n lè fà láti fi kún un. Wọ́n á ní láti gé ihò náà lọ́tun, kí wọ́n gé orí apá lọ́tun, kí apá wá kúrú, kí àyà wá há. Owó tí wọ́n pè ju owó jákẹ́ẹ̀tì míì lọ. Wọ́n ní tó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn ò ní fọwọ́ kan èjìká. Àwọn á fi awọ tínrín lẹ ibi tó ya láti inú, àwọn á sì fi apá sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Apá ńkọ́?" ni mo ní. "Ó gùn jù."

Wọ́n béèrè bóyá ẹni tó ni ín ń gun máṣíìnì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó hàn. Jákẹ́ẹ̀tì awọ tí gbogbo wa mọ̀ yìí, tó ní sípù gbọọrọ níwájú, máṣíìnì ló gbé e wáyé: Irving Schott ló gbé ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní New York ní 1928, dọ́là 5.50 ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá wà lórí máṣíìnì, ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Torí náà wọ́n máa ń gé apá rẹ̀ kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí òtútù má bàa wọ ọrùn ọwọ́ nígbà tó bá sún sókè. Wọ́n máa ń dín iwájú rẹ̀ kù kó má bàa ṣù sí ikùn. Òmíràn ní pílíìtì lẹ́yìn èjìká tó ń ṣí nígbà tí ọwọ́ bá lọ síwájú. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán níwájú dígí láti fi wọn irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ìdúró tí wọn ò rán an fún ló ń fi wọ̀n ọ́n.

Nǹkan kejì tó ń dín apá kù ni ìgbọ̀nwọ́. Ooru àti òógùn ara máa ń jẹ́ kí fọ́nrán kọ́lájìn yọ̀ lórí ara wọn díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì tutù wọn kì í padà tán. Ibi tí ẹ ń ká ní ojoojúmọ́ á hunjọ, á dúró bẹ́ẹ̀, apá á fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì kúrú. Ẹni tó bá ra tuntun tí apá rẹ̀ dúró gẹ́lẹ́ sí ọrùn ọwọ́ lónìí, tó bá dọdún tó ń bọ̀ á ti sún sókè. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wọ súwẹ́tà yín lọ, ẹ kọ́kọ́ wo èjìká, ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́ síwájú, ẹ gbé e sókè bí ẹni fẹ́ mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Tí èjìká ò bá ti bá yín mu, ẹ gbé e padà síbi tó wà, bó ti wù kó pọ́n lójú yín tó. Ẹ̀gbẹ́ ṣeé mú wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ apá ṣeé gé tí kò bá ní sípù. Ohun tí owó yín lè rà ò ju ìyẹn lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe bàbá mi lórí fídíò, mo sì jẹ́wọ́ ibi tó ya. Mo ti múra fún ìbínú. Wọ́n ní kí n gbé e sún mọ́ fóònù. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Èjìká yẹn ò bá èmi náà mu rí."

Ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní lọ́wọ́ alòkìríkà kan ní Dùgbẹ̀ làwọn ti rà á, pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín á ti sanra gan-an, pé súwẹ́tà méjì làwọn máa ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo bi wọ́n nípa ìgbọ̀nwọ́ tó hunjọ, èyí tí mo ti ń rò láti ọdún kan ààbọ̀ pé bí apá bàbá mi ṣe ká lórí máṣíìnì ni. Wọ́n ní, "Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó rà á."

Ìyẹn ni pé òyìnbó kan tí a ò mọ̀ rí ló kọ́kọ́ ká apá rẹ̀ sínú awọ yìí, bàbá mi wá tẹ̀lé e, èmi ló kàn.

Mo gbà á lọ́wọ́ bàbá aláwọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ibi tó ya ti lẹ̀. Ìlà ihò ṣì hàn tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i. Mo wọ súwẹ́tà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí láàbù. Nígbà tí mo na ọwọ́ síwájú tí mo di kẹ̀kẹ́ mú, ẹnu apá jákẹ́ẹ̀tì sún sókè, ó dúró gẹ́lẹ́ sí ọrùn ọwọ́ mi. Èjìká ṣì ṣubú.